Ojú Ta Ló Wà Lórí Póṣítà Yìí?

Ibi kíkà: Dáníẹ́lì, orí kìíní, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á ná kí ẹ tó bá mi lọ.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ṣápẹ́ẹ̀lì wa níbí ní Zaria. Ọmọ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn yòókù ń ti Samaru àti Sábọ́n Gàrí wá. Ọmọ ọdún 13 sí 18 ni wọ́n. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, mo pín bébà fún wọn, mo ní kí oníkálukú kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ara rẹ̀, kí ó má kọ orúkọ sí i, èmi yóò fi ohun tó kọ mọ ẹni tó kọ ọ́. Eré ni mo pè é. Àwọn mọ́kànlá ló wá lọ́jọ́ náà.

Mi ò mọ ẹnì kan ṣoṣo. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló fi gbólóhùn kan náà bẹ̀rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé àwọn kò dà bí ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni irú fóònù tí wọ́n fẹ́ rà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Òyìnbó tí wọ́n ń tẹ̀ lé, àti olórin tí wọ́n ń gé irun bíi tirẹ̀. Bébà mọ́kànlá, bí ẹni pé ọwọ́ kan ló kọ gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá ti dé ìdí ìlù, àwọn àgbà ìjọ ni yóò kọ́kọ́ dìde. Kò kọ ọ́ pé òun ń lùlù. Ọmọbìnrin kan wà tó gbọ́ Haúsá, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Ìgbìrà ti ìyá rẹ̀, òun ló máa ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà rẹ̀ bí wọ́n bá lọ sí ọsibítù. Kò kọ ọ̀kankan níbẹ̀. Mo ká àwọn bébà náà sínú Bíbélì mi, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ohun tó mú kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, àti ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, èyí tí n ó sọ bí a bá dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà wa máa ń rò pé ohun tí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ń sọ fún ọmọ ni pé kí ó ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn, nítorí kò sí ọ̀dọ́langba tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláfarawé. Òdì-kejì rẹ̀ gan-an ni ìpolówó ń sọ. Ó ń sọ fún ọmọ pé o yàtọ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni darí rẹ, má dà bí wọn. Ìgbà tí inú ọmọ bá ti dùn tán ni yóò wá na bàtà kan sí i pé àmì pé o yàtọ̀ rèé. Ọ̀rọ̀ kan náà àti bàtà kan náà ló sì ti nà sí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti rí ẹ̀wù kan náà lọ́rùn ọmọkùnrin mẹ́ta ní Samaru. Wọ́n kọ ọ́ sí àyà rẹ̀ gàdàgbà pé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lẹ́gbẹ́. Gwánjò ni wọ́n ti rà á, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní òkìríkà, nítorí náà àwọn kan tí kò lẹ́gbẹ́ ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gbó ní ìlú Òyìnbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìpolówó fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní àárín Yorùbá, ìbáà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbáà jẹ́ ní Sábọ́n Gàrí níbí, tí kò mọ ohùn ìyá tó ń kiri ọjà láàárọ̀. Ó ń yin ẹ̀kọ rẹ̀ pé ó gbóná, ó ń yin mọ́ínmọ́ín rẹ̀ pé epo ati edé wà níbẹ̀. Àbùmọ́ wà nínú rẹ̀, kí n má purọ́. Edé náà lè má ju ẹyọ méjì lọ. Ṣùgbọ́n ọjà ni ìyá yìí ń yìn. Kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ fún ọmọ ọdún 15 pé bí kò bá jẹ mọ́ínmọ́ín òun, kò tíì di ènìyàn. Bí o kò bá rà, á kọjá lọ, ìwọ náà á sì wà bí o ti wà kó tó dé.

Ibo ni nǹkan ti yí padà? Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, nítorí pé ọjọ́ Àjíǹde ló ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1929, ní New York, àwọn ènìyàn ń yan ní òpópónà Fifth Avenue pẹ̀lú aṣọ ìjọ́sìn wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ṣàdédé ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan láàárín èrò náà ṣáná sí sìgá, ní ìgbà tí ojú burúkú ni wọ́n fi ń wo obìnrin tó bá ń mu sìgá ní ìta. Wọ́n ti ta àwọn oníwèé ìròyìn lólobó ṣáájú. Wọ́n ní ògùṣọ̀ òmìnira ni àwọn obìnrin náà gbé lọ́wọ́. Ẹni tó ṣètò gbogbo rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Bernays, iléeṣẹ́ American Tobacco tó ń ta sìgá Lucky Strike ló sì gbà á síṣẹ́, nítorí wọ́n fẹ́ kí àwọn obìnrin náà di oníbàárà. Ẹ wò ó dáadáa: kò sẹ́ni tó sọ pé sìgá náà dùn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí o bá mu ún, o ti dòmìnira. Obìnrin tó wá mu sìgá nítorí pé kò fẹ́ kí ọkùnrin kankan pàṣẹ fún òun kò mọ̀ pé ọkùnrin kan tó jókòó sí ọ́fíìsì ló ti pa àṣẹ náà.

Kò pẹ́ tí ó fi kan àwọn ọ̀dọ́langba. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, ìwé ìròyìn Seventeen bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé 20 ọdún. Àwọn tó ni ín ṣe ìwádìí nípa àwọn tó ń kà á, wọ́n fún ọmọbìnrin inú ìwádìí náà lórúkọ, wọ́n pè é ní Teena, wọ́n sì ń gbé Teena kiri ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́: irú ọmọ báyìí ni, irú nǹkan tó fẹ́ rà rèé. Ní nǹkan bí àkókò yẹn kan náà, ọmọ ọdún 19 kan wà ní Chicago tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà, Eugene Gilbert lorúkọ rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ẹgbẹ́ òun kì í wọlé wá rà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ọmọ iléèwé láti máa bi àwọn ọmọ iléèwé ẹgbẹ́ wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́, ó sì ń ta ìdáhùn wọn fún àwọn oníṣòwò. Ó di iṣẹ́ ńlá mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò sọ pé ẹni ibi ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ohun tí mo ń wí ni pé láti ìgbà náà lọ, kí ọmọ tó mọ ara rẹ̀, ẹnì kan ti jókòó sídìí tábìlì kan tó ti kọ irú ẹni tó jẹ́ sílẹ̀, tó sì ti tà á.

Ní ọdún 1997, Apple fi àwòrán Einstein, Gandhi, Muhammad Ali àti àwọn ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ polówó kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n ní kí a máa ronú lọ́nà tó yàtọ̀. Bí ẹ bá wọ kíláàsì yín lọ́la, ẹ ka iye fóònù tó ní àmì èso tí wọ́n gé jẹ lẹ́yìn. Èmi náà ń fẹ́ ọ̀kan, kí ẹ má rò pé mo wà lókè tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959 títí di ìgbà tí èmi wà ní pírámárì, pálọ̀ ni ìpolówó ti ń bá ọmọ, bàbá á sì wà níbẹ̀. Bàbá tiwa, tí ó ń ta aṣọ ní Sábọ́n Gàrí, kì í jẹ́ kí ìpolówó kan kọjá láìfèsì. Bí wọ́n bá ní ọṣẹ kan ń fọ aṣọ láìjẹ́ kó rẹ èèyàn, á ní, “Ẹ pe ìyá yín kó wá gbọ́.” Bí ọkùnrin kan bá gbé bíà sẹ́nu tí àwọn obìnrin sì ń rẹ́rìn-ín sí i, á ní kí wọ́n padà wá fi í hàn wá ní ọdún mẹ́wàá sí i, àtikùn àti gbèsè. A ó bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ààbò ni ẹ̀rín yẹn. Nísinsìnyí, ìpolówó ń bá ọmọ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ní aago méjìlá òru, kò sì sí bàbá tí yóò dá a lóhùn. Kì í tún ṣe ohun kan náà ló ń gbé wá fún gbogbo wa mọ́. Ohun tí o bá dúró wò pẹ́ ni yóò tún gbé wá. Ọmọ tó bá wo fídíò ojú funfun kan tán lálẹ́ òní yóò bá mẹ́wàá lọ́la, kò ní pẹ́ gbà pé bí gbogbo ayé ti rí nìyẹn, àfi òun.

Àwọn tó ni fóònù náà mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìwádìí tí àwọn òṣìṣẹ́ Facebook fúnra wọn ti ṣe nípa Instagram hàn sí gbangba nínú ìwé ìròyìn Wall Street Journal. Nínú gbogbo 100 ọmọbìnrin ọ̀dọ́langba tí wọ́n ní inú àwọn máa ń bàjẹ́ nítorí bí ara àwọn ti rí, 32 ló sọ pé Instagram ń dá kún un. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, Frances Haugen, ẹni tó kó àwọn ìwé náà jáde, lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà.

Ní tiwa níbí, ARCON, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó ìpolówó, kéde ní 2022 pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, a kò gbọdọ̀ fi ojú àti ohùn ará òkèèrè ṣe ìpolówó ní Nàìjíríà mọ́. Mo pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Mo ní ó tó àsìkò kí àwọn ọmọ wa máa rí ojú ara wọn. Mi ò rántí pé òfin kò wọ inú fóònù tó wà lọ́wọ́ èmi gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa wàyí. Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ó dúdú, ó ń dán, ìyá bàbá wa ló fi awọ jọ. Láti kékeré ni ìyá wa ti ń pè é ní Adúmáadán. Ní ọdún tó kọjá, èmi ni mo wà nídìí ẹ̀ka ìpolongo ẹgbẹ́ wa. A fẹ́ ṣe ìpàdé pàtàkì fún àwọn ọ̀dọ́langba, a sì ń wá àwòrán tí a ó lò fún póṣítà àti báńnà. Mo ya àbúrò mi níwájú ṣápẹ́ẹ̀lì, Bíbélì lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo fi ètò kan lórí fóònù mi tún àwòrán náà ṣe. Mo kàn fi ìka fa nǹkan kan sí apá ọ̀tún ni: ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ roro, pímpù iwájú orí rẹ̀ parẹ́, imú rẹ̀ sì tín-ín-rín díẹ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Gbogbo póṣítà tí mo ti rí rí, bẹ́ẹ̀ ni ojú tó wà lórí wọn ti rí. Àkòrí ìpàdé náà, tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ sábẹ́ ojú yẹn, ni pé àrà ọ̀tọ̀ ni Ọlọ́run dá ọ.

A lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Nígbà tí àbúrò mi rí i lára ògiri, ó dúró pẹ́ níbẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni yìí rẹwà jù mí lọ.”

Mo ní, “Ìwọ kọ́ nìyẹn ni?”

Ó ní, “Kì í ṣe èmi.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni ìyá wa rí i. Àwọn ìyá kì í wo ojú, ọwọ́ ni wọ́n ń wò. Ojú ọmọ náà ti ń pọ́n, ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá wa di ọwọ́ rẹ̀ mú nílé ìdáná, ó ní, “Ta ló ni ojú tí o gbé wọlé wá yìí?” Ìpara náà wà nínú ike kékeré kan tí kò lórúkọ lára. Obìnrin kan tó ń po ìpara ló ń tà á fún un, owó oúnjẹ iléèwé rẹ̀ ló sì fi ń rà á. Bàbá wa bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Mo rò pé yóò fi òṣèré kan hàn wá, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó ń polówó ọṣẹ lórí Instagram. Póṣítà wa ló fi hàn wá. Ó ní òun fẹ́ dà bí ara òun ni.

Bàbá wa wo fóònù náà, ó wò mí, kò sọ ohunkóhun. Bàbá tó ń fún gbogbo ìpolówó lésì nígbà tí a wà lọ́mọdé, lọ́jọ́ yẹn kò rí ohun tí yóò sọ.

A gbé e lọ rí dókítà. Irú ìpara tí wọ́n ń pò báyìí, mákúrì a máa wà nínú òmíràn, mákúrì a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. NAFDAC kò yé kìlọ̀ nípa rẹ̀. A dúpẹ́ pé ti ọmọ yìí kò tíì dé ibẹ̀. Ó ti jáwọ́, awọ náà ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ka ìwé yìí kí n tó fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Gbólóhùn méjì ló ní kí n yọ, mo sì yọ wọ́n.

Mo ti kọ́ni ní Dáníẹ́lì orí kìíní bí ẹ̀ẹ̀mẹta ṣáájú ìgbà yẹn. Ní gbogbo ìgbà náà, Dáníẹ́lì ni mo máa ń fi ara mi ṣe. Nígbà tí mo tún kà á lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àbúrò mi, ẹni tí mo bá ara mi jọ ni Aṣipénásì.

Ẹ wo irú àwọn tí ọba ní kí Aṣipénásì kó wá, ní ẹsẹ kẹrin: àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní àbàwọ́n lára, tí ojú wọn fani mọ́ra, tí wọ́n sì lóye. Irú àwọn tí àwọn olùpolówó ń wá lónìí náà kọ́ nìyẹn? Ẹ tún wò ó pé wọn kò fi ìyà jẹ wọ́n. A máa ń rò pé Bábílónì wá pẹ̀lú pàṣán. Rárá o, abọ́ oúnjẹ ló gbé wá, oúnjẹ orí tábìlì ọba gan-an, ọtí tí ọba ń mu, àti ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀yẹ ni. Mélòó nínú àwa tí ASUU ti dá dúró sílé rí ni yóò kọ irú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni orúkọ. Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa ohun tí orúkọ jẹ́. Orúkọ Ọlọ́run wà nínú orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dáníẹ́lì, Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi. Hananáyà, Olúwa ṣe oore-ọ̀fẹ́. Míṣáẹ́lì, ta ló dà bí Ọlọ́run? Àsáráyà, Olúwa ti ràn wá lọ́wọ́. Aṣipénásì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sọ wọ́n ní orúkọ ará Bábílónì. Kò sì ṣe é pẹ̀lú ìbínú. Ẹsẹ kẹsàn-án sọ pé ó fẹ́ràn Dáníẹ́lì. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí èmi náà ti ń ṣe iṣẹ́ ìpolongo nìyẹn, tí mo fẹ́ràn àbúrò mi, tí mo sì fi ìka kan fa àwọ̀ ìyá bàbá wa kúrò lójú rẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí a kì í sábà sọ. Orúkọ tí Bábílónì sọ wọ́n ti mọ́ wa lẹ́nu ju tiwọn lọ. Ẹ bi ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi èyíkéyìí nípa Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò, yóò ròyìn iná ìléru fún yín láìsinmi. Ẹ bi í nípa Míṣáẹ́lì, yóò máa wojú yín. Nínú orin wa, nínú ìwàásù wa, Aṣipénásì ṣì ń borí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí àwọn ọmọ náà ṣe. Wọ́n kọ́ èdè Kálídíà. Wọ́n ka ìwé Kálídíà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ni ín lọ. Bíbélì kò sọ pé wọ́n bá ẹnikẹ́ni jà nítorí orúkọ. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n kọ̀. Àwọn kan máa ń bínú sí mi bí mo bá sọ èyí, nítorí wọ́n fẹ́ kí n ní kí gbogbo ọmọ ju fóònù sínú kànga. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ lónìí gbọ́dọ̀ mọ èdè Kálídíà. Bí mo ti rò ó sí, orúkọ jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ń pè ọ́, o lè má rí ohun kan ṣe sí i. Oúnjẹ yàtọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa la ẹnu. Ibẹ̀ ni Dáníẹ́lì fi àlà sí. Ẹsẹ kẹjọ sì jẹ́ ká mọ̀ pé inú ọkàn rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ pinnu, kó tó lọ bá ìjòyè náà sọ̀rọ̀.

Kò sì dá a ṣe. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi dì mú jù. Ìpolówó fẹ́ kí ọmọ gbà pé òun nìkan ni, kí ó dá dúró, kí ó dá rà. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń jẹ ewébẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ ẹran. Mo rò pé bí wọ́n bá ń dáhùn bí Aṣipénásì ti ń pè wọ́n lọ́sàn-án, tí ó bá di alẹ́, wọn yóò máa pe ara wọn ní Hananáyà, ní Míṣáẹ́lì. Ẹni tí kò bá sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ àtilẹ̀wá nítòsí, ó máa ń gbàgbé rẹ̀.

Dáníẹ́lì bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àwa náà ṣe ọjọ́ mẹ́wàá ní kíláàsì. Mo fún oníkálukú ní ìwé kékeré kan, mo ní nígbàkigbà tí ìpolówó tàbí àwòrán kan bá fà á mọ́ra, kí ó kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ohun tó ń tà, àti ohun tó ní ọmọ náà kò ní. Nínú àwọn mọ́kànlá, mẹ́rin ló ṣe é parí. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 15, rí i pé ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú tirẹ̀, àti pé ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé òun gbọ́n ju ẹgbẹ́ òun lọ. Ọmọbìnrin elédè mẹ́rin náà kọ ọ́ pé wọ́n ti tọ́ka sí irun òun, eyín òun, ìdí òun àti ohùn òun, kò wá mọ ohun tó kù. Ọmọkùnrin onílù bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá, àwọn báńnà ìsọjí tó wà lójú títì náà ńkọ́, tí ojú pásítọ̀ gba gbogbo rẹ̀?” Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kíláàsì rẹ́rìn-ín gan-an. Mo rántí bàbá wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ó lo ẹ̀kọ́ yìí fún ìjíròrò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbáwí. Ẹ ṣí fóònù tiyín fún wọn kí ẹ tó bi wọ́n nípa tiwọn. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni ẹnì kan yìn wọ́n kẹ́yìn láìní ohun tó fẹ́ tà fún wọn. Ní kíláàsì tiwa, a dákẹ́ pẹ́ lórí ìbéèrè yẹn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan ní ìyá àgbà òun máa ń kí òun ní oríkì láràárọ̀ bí òun bá kúnlẹ̀ kí i, òun kò sì gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fún gbogbo wọn ṣe délé lọ́sẹ̀ yẹn ni kí wọ́n lọ bèèrè oríkì wọn. Àwọn tí kì í ṣe Yorùbá bèèrè ìtàn orúkọ wọn. Mẹ́jọ ló mú un wá, èyí sì ju ti ìwé ọlọ́jọ́ mẹ́wàá lọ.

Ìpàdé àwọn ọ̀dọ́langba ti ọdún yìí ń bọ̀, wọ́n sì tún fi iṣẹ́ póṣítà lé mi lọ́wọ́. Mo bi àbúrò mi bóyá kí n tún ya òun. Ó ní rárá. Mi ò rọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ó wá bá mi, ó ní tí mo bá fẹ́, kí n ya ọwọ́ òun. Nítorí náà, bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà ṣápẹ́ẹ̀lì kọjá, tí ẹ rí ọwọ́ méjì lórí Bíbélì tó wà ní ṣíṣí, tí oríkèé ìka rẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ, ọwọ́ tí ìyá wa dì mú nílé ìdáná nìyẹn. Bí fóònù ti yà á ni mo ṣe fi í sílẹ̀.